Ohun Tí Ó Ń Ṣẹlẹ̀ ní Ojú Òdo

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n pátákó dúdú kan ṣì wà lára ògiri fàráńdà mi ní Ọ̀fà. Èmi fúnra mi ni mo máa ń kùn ún. Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ láyé àtijọ́ mọ bí a ti ń ṣe é: a ó fọ́ bátìrì ògbólógbòó, a ó gún èédú inú rẹ̀, a ó fi omi ewé ànàmọ́ pò ó, a ó sì fi àkísà kùn ún mọ́ pátákó títí yóò fi dúdú dáadáa. Ìyàwó mi ní kò sí ẹni tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, pé ọ̀dà wà lọ́jà. Mo mọ̀ pé ó wà. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ọjà máa ń dán, ẹni tí ó bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kò ní rí ohun tí a kọ.

Físíìsì àti ìṣirò ni mo kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, àwọn kan lára wọn kò fi mí sílẹ̀. Wọn a máa gbé ìṣòro wá bá mi, mo sì ní òfin kan tí gbogbo wọn mọ̀. Ẹni tí ó bá gbé ìṣòro wá sí fàráńdà mi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó tó fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Kì í ṣe pé mo kórìíra Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé ọmọ lè há ọ̀rọ̀ ìwé sórí, kí ó máa sọ ọ́ geere, kí òun fúnra rẹ̀ má sì mọ ibi tí kò yé òun. Bí ó bá ní láti sọ ọ́ bí ẹni tí ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ó sì dé ibi tí kò yé e, yóò dákẹ́. Ibi tí ó bá ti dákẹ́ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jẹ́ obìnrin kan tí mo kọ́ nígbà tí ó wà ní girama. Kì í ṣe ọmọdé mọ́. Òun náà ti di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó sì ń kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì kan tí kò sí ní ìlú wa. Ìjàgbò ni ó ń gbé. Bí ó bá ti ṣe tán níbi iṣẹ́, yóò gun ọ̀kadà wá kí wa kí ó tó padà sílé. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí mo ń wí yìí, mo ti rí i láti ojú ọ̀nà pé nǹkan kò lọ dáadáa, nítorí pé kò bá ọlọ́kadà ná owó ọkọ̀ rárá.

"Ẹ káàsán, sà."

"Káàsán, ọmọ mi. Kí ló dé tí ojú rẹ rí báyìí?"

"Sà, mo fẹ́ fi í sílẹ̀."

"Kí ni o fẹ́ fi sílẹ̀?"

"Ìwé tí mò ń kà. Gbogbo ẹ̀."

Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbójú sókè. "Kọ́kọ́ jókòó ná," ó ní. "Èèyàn kì í wà lórí ìdúró fi nǹkan sílẹ̀."

Ó jókòó, ó mu omi, ó sì sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ tí ó ti ń ṣe láti ọdún bíi mélòó kan ni kí ó wá àtòjọ iye agbára tí ẹ̀rún kékeré kan lè ní nínú irú kòtò kan. Ó ti rí àtòjọ tirẹ̀, ó sì ti kọ ọ́ sínú orí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ìwé rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì wá mú ìwé àtijọ́ kan jáde tí àwọn kan ti kọ lórí kòtò kan náà. Àtòjọ inú ìwé yẹn kò bá tirẹ̀ mu, àní nọ́ńbà kan ṣoṣo kò dọ́gba. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó wá dúró níwájú ìgbìmọ̀ ní ìparí oṣù tí ń bọ̀. Bí kò bá lè sọ ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà, kí ó fi kòtò yẹn sílẹ̀, kí ó wá nǹkan mìíràn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Mo mọ ara mi, sà," ó ní. "Tí wọ́n bá ní kí n tún bẹ̀rẹ̀, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ló máa parí sí."

"Ṣé o ti yẹ iṣẹ́ rẹ wò?"

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò títí ó fi sú mi. Mi ò rí àṣìṣe kankan. Mo tiẹ̀ rò ó pé kí n kàn yí tèmi padà kó bá tiwọn mu. Wọ́n ṣáà ti tẹ tiwọn jáde."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n n kò bá a wí. Ẹni tí ó ti rẹ̀ máa ń sọ irú rẹ̀. Mo kàn ní, "Sọ ọ́ ní Yorùbá."

Ó mí kanlẹ̀. "Sà, ẹ ti gbọ́ ọ rí."

"Mi ò gbọ́ ọ dé ìdí rí. Sọ ọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n fojú inú wo yàrá tóóró kan. Ògiri wà ní òpin kan. Ní òpin kejì, níbi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọ̀nà, ibi tí a ń pè ní ojú òdo, kòtò kan wà níbẹ̀. Kòtò náà kò nísàlẹ̀. Bí a bá sún mọ́ ọn tí ọ̀nà tí ó kù fi di ìdajì ti tẹ́lẹ̀, jíjìn rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí a bá tún sún mọ́ ọn dé ìdajì, yóò tún di ìlọ́po mẹ́rin ti ìyẹn. Ẹ̀rún kékeré kan ń gbé inú yàrá yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rún tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe bí òkúta, ìgbì ni a fi ń ṣe ìṣirò rẹ̀. A ó wá pa àṣẹ ìṣirò kan fún ìgbì náà. Àṣẹ yẹn ni wọ́n ń pè ní ọpẹrétọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbì ni àṣẹ náà máa ń yí padà di nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n àwọn ìgbì kan wà tí ìrísí wọn kì í yí padà. Àṣẹ náà kàn máa ń fi iye kan sọ wọ́n di púpọ̀ ni. Iye yẹn gan-an ni agbára tí ẹ̀rún náà lè ní. Àtòjọ àwọn iye bẹ́ẹ̀ ni ó ń wá.

"Ó dára," mo ní. "Kí ni ìgbì náà ń ṣe lára ògiri?"

"Kì í mì níbẹ̀, sà. Òdo ni."

"Ní ojú òdo ńkọ́, lẹ́bàá kòtò?"

"Òdo náà ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ kọ́ wa? Ẹ ní ibi tí a bá so okùn mọ́ kì í mì."

"Òótọ́ ni mo sọ. Ta ló wá so ìgbì tìrẹ mọ́ ojú òdo?"

Ó la ẹnu láti dáhùn, kò sì rí nǹkan kan sọ. Mo ń wò ó. Ìyàwó mi náà dá ọwọ́ dúró lórí ẹ̀wà. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ní, "Sà, mi ò mọ̀."

"O ṣeun," mo ní. "Ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Máa bọ̀ ní Sátidé."

Kí n má parọ́, èmi náà kò mọ ìdáhùn. Ìmọ̀ tí ó ń kà ti kọjá èyí tí mo kọ́ nílé-ìwé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ènìyàn bá yẹ gbogbo inú ilé wò tí kò rí ibi tí omi ti ń jò, kí ó lọ wo etí òrùlé.

Ní Sátidé náà, mo ti tú okùn ìsáṣọ ìyàwó mi kí ó tó dé. Okùn náà ti wà láàárín igi máńgòrò àti òpó irin kan tí a fi ń gbé áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n nígbà kan rí. Ìyàwó mi jáde, ó rí mi.

"Tíṣà, aṣọ wà nínú báàfù o."

"Mo rí i."

"Ẹ rí i, ẹ sì ń tú okùn."

"Ẹ̀kọ́ ni a fẹ́ fi kọ́."

"Ẹ̀kọ́ kì í mú aṣọ gbẹ," ó ní, ṣùgbọ́n ó bá mi di etí okùn náà mú kí n lè tú kókó rẹ̀.

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ mi dé, mo so etí kan mọ́ máńgòrò, mo so ìkejì mọ́ òpó irin ní kókó. Mo ní kí ó máa fi ọwọ́ mì ín nítòsí máńgòrò, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi rí ìwọ̀n ìyára tí gbogbo okùn náà yóò fi gbà fún un, tí yóò máa lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀kan náà bí ikùn ẹni tí ń sùn. Ó rí i. Ó mú un yára sí i, okùn kọ̀ fún un, ó ń gbọ̀n jàgàjàgà. Ó tún yára sí i, okùn sì pín sí méjì, apá kan ń lọ sókè bí apá kejì ti ń lọ sódò. Kò sí nǹkan kan láàárín àwọn ìyára méjèèjì tí okùn náà gbà. Báyìí ni ọ̀rọ̀ àtòjọ ti rí: ohun tí ó ní etí kì í gba gbogbo ìyára, ó ní àwọn tí ó ń gbà.

Lẹ́yìn náà, mo tú kókó tí ó wà lára òpó irin. Mo fi òrùka kọ́tìnnì kan sí i dípò rẹ̀. Mo ti fi girísì ra òpó náà kí òrùka lè máa yọ̀ lọ sókè sódò. Mo fa okùn náà le bíi ti tẹ́lẹ̀, mo ní kí ó wá àwọn ìyára rẹ̀.

Èyí àkọ́kọ́ lọ́ra gan-an ju ti ìṣáájú lọ. Ó mì ín, ó tún mì ín, ó yí padà wò mí.

"Sà, àtòjọ mìíràn ni."

"Ṣé mo pààrọ̀ okùn ni?"

"Rárá."

"Ṣé mo fà á le ju ti tẹ́lẹ̀ ni, àbí mo dẹ̀ ẹ́?"

"Rárá, sà."

"Kí ló wá yí padà?"

"Etí ẹ̀."

Mo tún fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ de òrùka náà mọ́ ìdí òpó, tí kò fi lè lọ bí ó ti wù ú, tí kò sì dúró gbọn-in. Àtòjọ kẹta ni ó jáde. Mo fún rọ́bà náà le díẹ̀, àtòjọ tún sún. Ó fi okùn náà sílẹ̀, ó dúró sínú oòrùn, ó ń wo òrùka.

"Nígbà náà, kò sí èyí tó jẹ́ ti okùn gan-an," ó ní. Òun àti ara rẹ̀ ni ó ń bá sọ̀rọ̀. "Àfi ká sọ bí etí ẹ̀ ṣe rí kó tó ní àtòjọ kankan."

Ìyàwó mi ní, "Ẹ̀yin ará Ìjàgbò, ṣé oòrùn lẹ fi ń kàwé ní tiyín? Bọ́ sábẹ́ òjìji."

"Ẹ jẹ́ kí n jà á tán ná, Mọ́mì."

"Ìjàkadì ti Ọ̀fà ni, ìwọ ọmọ Ìjàgbò. Rọra."

"Ẹ̀yìn mi ò tíì kan ilẹ̀, Mọ́mì."

Ọ̀rọ̀ yẹn mú inú mi dùn, nítorí pé ẹni tí ó fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀ kì í dáhùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà sí fàráńdà, ó fẹ́ sáré jù, mo sì ní láti fà á sẹ́yìn. Ó ní ó ti yé òun: àwọn onítọ̀hún so tiwọn, òun fi tòun sílẹ̀, ó parí.

"Má tíì parí ẹ̀," mo ní. "Okùn lè tàn ọ́ jẹ. Etí okùn tí a so kì í mì, èyí tí a fi òrùka sí ń mì. Ìwọ sọ fún mi pé òdo ni tìrẹ ní ojú òdo. Tiwọn ńkọ́?"

"Òdo náà ni, sà."

"Níbo wá ni ìyàtọ̀ wà?"

Ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ó ṣàlàyé pé nítòsí kòtò òun, ọ̀nà méjì ni ìgbì lè gbà rí. Ọ̀nà kìíní ń tẹ̀lé gbòǹgbò kẹrin ìwọ̀n jíjìnnà wa sí ojú òdo, ìyẹn iye tí a ó kọ lẹ́ẹ̀mẹrin, tí a ó sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ra, kí ó tó tó ìwọ̀n náà. Ọ̀nà kejì sì jẹ́ kí a kọ gbòǹgbò yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, kí a sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ra. Mo ní kí ó fi nọ́ńbà sí i. Ó mú ìdá kan nínú ẹgbàárùn-ún. Ọ̀nà kìíní fún un ní ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ọ̀nà kejì fún un ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún.

"Tí o bá tún sún mọ́ ọn ńkọ́?"

"Méjèèjì á máa kéré sí i. Tí a bá dé ibẹ̀, òdo ni, òdo ni."

Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí pátákó.

"Sà," ó ní, "mo ti ń sọ láti ọdún mélòó kan yìí wá pé òdo ni ìgbì ní ojú òdo, mo rò pé mo ti yan nǹkan kan. Mi ò yan nǹkan kan. Ó dà bíi ká dúró níwájú ilé-ìwé, ká ní kí wọ́n bá wa pe ọmọ tó wọ yúnífọ́ọ̀mù wá."

Mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé olùkọ́ nìkan ni yóò rí irú àfiwé bẹ́ẹ̀. "Èwo lo wá mú nínú àwọn ọmọ náà?"

"Ti gbòǹgbò kẹrin. Òun ni ìṣirò mi kọ́kọ́ gbé jáde, mo sì rí i pé òdo ni, mo bá tẹ̀ síwájú."

"Àwọn onítọ̀hún ńkọ́?"

Ó yọ ìwé àtijọ́ náà jáde nínú àpò rẹ̀, ó wá ibẹ̀, ó fi ìka tọ́ ọ. Àwọn mú èkejì, èyí tí ó ń yára kéré. Àwọn náà kò sọ ìdí tí wọ́n fi mú un. Wọ́n kàn kọ ọ́ pé òdo ni ìgbì ní ojú òdo.

Báyìí ni a rí i pé kò sí ẹni tí ó ṣìrò lódì. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì rò pé bí a bá ti kọ àṣẹ náà sílẹ̀, ó ti pé. Kò tíì pé. Bí kòtò bá rí bí èyí, àṣẹ ìṣirò àti ohun tí a sọ nípa ojú òdo, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ jẹ́ ọpẹrétọ̀. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò, èkejì kò lè dá dúró. Mo bi í léèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a kò bá yan rárá, tí a jẹ́ kí ìgbì rí bí ó ti wù ú. Ó ní kò sí ohun tí yóò dí ojú òdo mọ́: ẹ̀rún náà yóò máa jò lọ níbẹ̀, títí a kò fi ní lè sọ pé ó ṣì wà nínú yàrá.

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, màá mú tiwọn," ó ní. "Á rọrùn láti gbèjà."

"Ṣé tiwọn ló tọ̀nà ju tìrẹ lọ ni?"

"Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde, sà."

"Mi ò bèèrè ìyẹn."

Ó tún wo pátákó. "Rárá. Kò sí èyí tó tọ̀nà jù. Ó kù sọ́wọ́ ohun tó wà ní ojú òdo gan-an, nínú kòtò yẹn, èyí tí ìṣirò wa ò lè rí."

"Lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

Ó ṣe iṣẹ́ náà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ó kù. N kò ràn án lọ́wọ́ nínú ìṣirò rẹ̀, n kò lè ṣe é. Iṣẹ́ tèmi ni láti jókòó, kí n gbọ́, kí n máa ní, "Tún un sọ, mo sọnù." Nígbà mìíràn ọkọ̀ ojú irin yóò fọn, a ó dúró kí ó kọjá, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó dúró sí. Ó rí i pé ọ̀nà méjì náà wulẹ̀ jẹ́ ìpẹ̀kun ni; bí rọ́bà táyà ti wà láàárín kókó àti òrùka, bẹ́ẹ̀ ni a lè po ìgbì méjèèjì pọ̀ ní ìwọ̀n tí a bá fẹ́, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sì ní àtòjọ tirẹ̀. Ó ní òun yóò kọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó wá tọrọ okùn náà, òrùka àti rọ́bà, kí ó kó wọn dání lọ.

"Okùn mi?" ni ìyàwó mi wí. "Kó wọ ọkọ̀?"

"Màá dá a padà, Mọ́mì."

"Bí wọn ò bá gbà fún ọ, má fi okùn mi na ọ̀jọ̀gbọ́n kankan o."

Ní ọjọ́ náà, orí òdòdó iwájú ilé ni a sá aṣọ sí. Mo ń gbìyànjú láti kàwé, ojú ewé kan náà ni mo ń kà. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí fóònù tó dún.

"Sà, mo ti wà ní gáréèjì, mò ń bọ̀."

"Báwo ni?"

"Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé nínú àtòjọ méjèèjì, èwo ló tọ̀nà. Mo ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ní ojú òdo fún mi, èmi náà á sọ àtòjọ wọn fún wọn. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn. Mo bá mú okùn jáde. Òun gan-an ló bá mi di etí ẹ̀ mú."

"Kí ni wọ́n wá sọ?"

"Wọ́n bá ara wọn jiyàn títí. Wọ́n ní kí n má fi kòtò náà sílẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ ti pọ̀ sí i, sà. Wọ́n ní orí tí mo kọ kò tó mọ́. Kí n tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n tó wà láàárín, kí n sì fi ẹ̀rí hàn pé kò sí èyí tí mo fò. Á tó ọdún kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo rántí ohun tí ó sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pé bí wọ́n bá ní kí òun tún bẹ̀rẹ̀, òun kò ní bẹ̀rẹ̀ mọ́. N kò rán an létí.

"Sà, ṣé ẹ máa wà nílé ní Sátidé?"

"Níbo ni mo fẹ́ lọ? Máa bọ̀."

Ó dá okùn náà padà ní Sátidé. Mo so ó mọ́ máńgòrò àti òpó irin, ìyàwó mi sì dúró tì mí, ó ń fa kókó kọ̀ọ̀kan wò. "Ẹ so ó le. Mi ò fẹ́ òrùka níbẹ̀." Mo so etí méjèèjì gbọn-in. Lẹ́yìn náà mo gbé òrùka àti rọ́bà lọ sí fàráńdà, mo fi wọ́n kọ́ sórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ti nu gbogbo ohun tí a kọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ní Yorùbá ná," mo ní.

Ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti yàrá tóóró náà.